Etígbọ́ àti Ọmọ Afọnfèrè

Bíírò ọwọ́ mi ló bá mi wá ìyàwó.

Mo jókòó sí ìlà kẹta nínú gbọ̀ngàn tí ọ̀kẹ́sírà ìlú wa ti ń ṣe ìdánrawò, ní aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan. Iṣẹ́ ìwé ìròyìn ló gbé mi débẹ̀. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mo máa ń kọ ojú ewé kan nípa orin, irú èyí tí àwọn onífáyólìn, afọnfèrè àti onílù ńlá máa ń jókòó pọ̀ ṣe látinú ìwé, láìsí ẹni tó ń kọrin lẹ́nu. Olóòtú wa ní kí n lọ wo igbákejì adarí tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà síbẹ̀.

"Wọ́n ní obìnrin ni," ó ní, "wọ́n sì ní kì í pariwo."

Lóòótọ́ ni kì í pariwo. Ó dúró lórí pèpéle kékeré níwájú ọgọ́rin olórin, ó ká apá ṣẹ́ẹ̀tì funfun rẹ̀ dé ìgúnpá, ó sì ń gbé ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan sókè sódò bí ẹni tó ń fi abẹ́rẹ́ rán aṣọ. Orin náà ń rọlẹ̀, ó ń rọlẹ̀, títí tó fi ku ohùn fáyólìn méjì péré. Àsìkò yẹn gan-an ni ìka mi bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìdí bíírò mi láìmọ̀: kọ́, kọ́, kọ́.

Ó sọ ọwọ́ kalẹ̀. Gbogbo wọn dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ta ló ń lu ìlù tí mi ò rí nínú ìwé orin mi?" Kò tiẹ̀ yíjú padà.

Gbogbo wọn kọjú sí mi. Ká ní ilẹ̀ lanu lásìkò yẹn, ǹ bá kó sí i.

"Ẹ má bínú, mà," ni mo wí. "Bíírò ni."

"Ó dáa. Ẹ̀yin oníbíírò, ẹ ń sáré ju àwa yòókù lọ. Ẹ dúró dè wá."

Ẹ̀rín bú. Láti ọjọ́ náà ni àwọn olórin ti sọ mí ní Oníbíírò. Òun náà ní orúkọ tirẹ̀ lẹ́nu wọn: Afọwọ́sọ̀rọ̀ ni wọ́n ń pè é.

Nígbà tí ìdánrawò parí, mo rò pé yóò lé mi jáde ni. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó na ọwọ́ sí mi. "Ẹ jẹ́ kí n rí ohun tí ẹ kọ."

Ìlà mẹ́ta péré ni. Ó kà á, ó dá a padà fún mi. "Ẹ sọ ohun tí mo wọ̀ àti bí mo ṣe dúró. Kí lẹ gbọ́?"

"Kí àwọn onífáyólìn ọ̀wọ́ kejì tó wọlé, mo gbọ́ tí gbogbo wọn kọ́kọ́ mí pọ̀, bí ènìyàn kan ṣoṣo. Mi ò gbọ́ irú ẹ̀ rí."

Ó wò mí lọ, ó wò mí bọ̀. "Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi kọ́ wọn ní mímí yẹn," ó ní. "Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Tí ẹ bá tún wá, ẹ má jókòó síbi tí èrò ìwòran ń jókòó sí. Ẹ lọ sẹ́yìn àwọn onífáyólìn ńlá. Ibẹ̀ lẹ ti máa rí iṣẹ́."

Mo tún wá. Ká sòótọ́, mi ò fi ìdánrawò kan sílẹ̀ mọ́.

Láti ẹ̀yìn yẹn, ojú rẹ̀ ni mo ń rí. Èrò ìwòran kì í rí ojú adarí, ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ni tiwọn. Mo wá mọ̀ pé kí ọwọ́ rẹ̀ tó gbéra ni ojú rẹ̀ ti sọ fún olúkúlùkù ohun tó fẹ́. Yóò wo onílù, yóò gbé ìpéǹpéjú sókè díẹ̀, onílù yóò sì dẹ ọwọ́ rẹ̀.

Bàbá àgbà kan wà láàárín wọn tó ti ń fọn fèrè láti ọgbọ̀n ọdún. Kò gba ti obìnrin yìí rárá. Tí ó bá kan tirẹ̀, ojú òrùlé ni yóò máa wò, yóò sì máa sáré orin lọ bó ṣe wù ú. Adarí mìíràn ìbá ti jágbe mọ́ ọn. Afọwọ́sọ̀rọ̀ gbé ọ̀pá rẹ̀ kalẹ̀, ó rìn lọ bá a.

"Bàbá, ibí yìí ń ṣòro fún mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọn ọ́n fún wa, kí n lè mọ ibi tí màá gbé ọwọ́ mi sí."

Inú bàbá dùn. Ó fọn ọ́n bí tirẹ̀, adarí sì ń fi ọwọ́ tẹ̀ lé e wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ó ní kó tún un fọn, ó wá dẹ ọwọ́ díẹ̀. Bàbá dẹ fèrè díẹ̀, kò mọ̀. Nígbà tó fi máa di ẹ̀ẹ̀kẹta, gẹ́gẹ́ bí obìnrin yìí ṣe fẹ́ ẹ láti àárọ̀ ni bàbá ń fọn ọ́n. Bàbá sọ fèrè kalẹ̀ lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ọmọ yìí, o mú mi!"

"Rárá o, bàbá. Ẹ̀yin lẹ mú mi."

Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé mo nífẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò sí pé mo ń tan ara mi jẹ.

Ilé tíì kan wà ní òdìkejì títì. A máa ń jókòó síbẹ̀ lẹ́yìn ìdánrawò, nídìí tábìlì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú. Yóò tẹ́ ìwé orin rẹ̀ sílẹ̀, pẹ́ńsù pupa fún ibi tí ohùn ti gbọ́dọ̀ ròkè, pẹ́ńsù búlúù fún ibi tó ti gbọ́dọ̀ rọlẹ̀.

"Nínú gbogbo olórin, èmi nìkan ni mi ò ní ohùn," ó sọ fún mi lọ́jọ́ kan. "Tí mo bá gbé ọwọ́ mi sókè nínú yàrá òfìfo, atẹ́gùn ni. Àwọn ni wọ́n ń yá mi ní ohùn. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè pariwo mọ́ wọn."

"Ẹ ò rí i pé ẹ̀yin gan-an ló yẹ kí ẹ máa kọ ojú ewé mi," ni mo wí.

Ó rẹ́rìn-ín. "Ṣé báyìí la ó máa pe ara wa ní 'ẹ̀yin' títí a ó fi darúgbó ni?"

"Rárá, ìfẹ́ mi. O ò rí i, mo ti sọ ọ́."

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ bá olóòtú pé mi ò lè kọ nǹkan kan nípa obìnrin náà mọ́.

"Kí ló dé? Ṣé kò mọ iṣẹ́ ni?"

"Ó mọ̀ ọ́n. Èmi ni mi ò mọ tèmi mọ́."

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn.

Ìyá mi, aránṣọ ni, ọ̀rọ̀ kì í sì í wọ́n lẹ́nu wọn. "Obìnrin tó ń darí ọgọ́rin ènìyàn níbi iṣẹ́," wọ́n ní, "tó bá délé tó wá ku ìwọ nìkan, ṣé o rò pé o máa rọ́wọ́ mú? Wọ́n sì ní àwọn olórin yẹn máa ń rìnrìn àjò. Ta ni yóò máa dúró tì ẹ́?"

Mo mú un lọ kí wọn. Ó bi ìyá mi bí wọ́n ṣe ń gé aṣọ láì kọ́kọ́ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i. Ó di wákàtí kan, àwọn méjèèjì ṣì tẹ̀ sórí tábìlì aṣọ, wọ́n ti gbàgbé pé mo wà níbẹ̀. Nígbà tí a ń lọ, ìyá mi fà mí sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

"Mú un wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀," wọ́n ní. "Tí àyè ò bá gba ìwọ, kò burú."

Bí ti ìyá mi ṣe rọrùn nìyẹn. Ti bàbá rẹ̀ ló kù. Òun àti bàbá rẹ̀ nìkan ni wọ́n jọ ń gbé láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú. Ohun kan ṣoṣo tó sọ fún mi nípa wọn ni pé olórin ni wọ́n tẹ́lẹ̀, ní ìlú mìíràn, àti pé wọn kò wá wo òun níbi iṣẹ́ rí.

"Kí ló dé?" mo bi í.

"Wọn kì í wọ gbọ̀ngàn orin mọ́. Má bi wọ́n o."

Ọjọ́ Àìkú kan la lọ jẹun ọ̀sán níbẹ̀. Arúgbó tó ga, tó tẹ́ẹ́rẹ́, ló ṣílẹ̀kùn. Mo rí fèrè idẹ kan, irú èyí tí wọ́n ń pè ní tùrọ́ńpẹ́ẹ̀tì, lórí kọ́bọ́ọ̀dù, eruku ti bò ó. Mo wojú wọn.

Mo mọ̀ wọ́n. Wọn ò mọ̀ mí.

Ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ìlú mìíràn yẹn, ojú ń kán mi láti di olókìkí. Mi ò lo orúkọ mi nígbà náà, "Etígbọ́" ni mo ń pe ara mi. Mo gbọ́ tí fèrè idẹ kan já láàárín orin níbi tó yẹ kó ti ròkè jù, mo sì kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn lọ́nà tí gbogbo ìlú fi rẹ́rìn-ín. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo gbọ́ pé afọnfèrè náà ti fiṣẹ́ sílẹ̀. Mo tiẹ̀ yangàn nígbà náà pé ọ̀rọ̀ mi ń ṣiṣẹ́.

A ń jẹun lọ, ọ̀rọ̀ dórí ìwé ìròyìn. Bàbá ní, "Ó dára bí o ṣe ń kọ tìrẹ, mo máa ń kà á. Ẹnì kan wà tí wọ́n ń pè ní Etígbọ́ nígbà kan. Ẹni yẹn, mo kàn fẹ́ rí ojú rẹ̀ kí n tó kú ni."

Oúnjẹ há mi lọ́fun. Ọmọ wọn bu omi fún mi. Mo mu ún, mo sì dákẹ́.

Ọjọ́ mẹ́jọ ni mo fi dákẹ́. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, mo lọ bá a nínú yàrá tí wọ́n ń kó ìwé orin sí, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

Kò sunkún. Ó ń to ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì tò ó tán kó tó sọ̀rọ̀.

"Iṣẹ́ rẹ ni kí o kọ ohun tí o gbọ́," ó ní. "Mo lè gbé ìyẹn mì. Ṣùgbọ́n o jẹun ní tábìlì bàbá mi. Wọ́n bá ẹ sọ̀rọ̀ Etígbọ́, o mu omi tí mo bù fún ẹ, o sì dákẹ́. Ọjọ́ mẹ́jọ."

"Ẹ̀rù bà mí. Mi ò fẹ́ pàdánù rẹ."

"O ti pàdánù mi báyìí. Jọ̀ọ́, máa lọ. Mo ní iṣẹ́ láti ṣe."

Iṣẹ́ wà lóòótọ́. Ara ọ̀gá adarí kò yá, wọ́n sì ti fa àgbékalẹ̀ orin tó tóbi jù lọ lọ́dún náà lé Afọwọ́sọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Ọ̀sẹ̀ méje ló kù.

N kò lè jẹun, n kò lè kọ̀wé. Ìyá mi wò mí, wọ́n ní, "Ta lo ṣẹ̀?" Mo sọ fún wọn. "Ṣé ọmọ náà lo ṣẹ̀ àbí bàbá rẹ̀?" Mo ní bàbá rẹ̀. "Kí lo wá ń ṣe níbí?"

Lọ́jọ́ kejì, ní aago méjì ọ̀sán, mo kan ilẹ̀kùn bàbá náà. Orí ìdúró ni mo wà tí mo fi sọ ọ́: "Bàbá, èmi ni Etígbọ́."

Wọ́n wọ yàrá lọ, wọ́n mú ìwé ìròyìn kan jáde, ó ti pọ́n, wọ́n sì nà án sí mi. "Kà á sókè."

Mo kà á. "'Fèrè idẹ náà já lójú ọ̀nà bí okùn tó ti gbó. Ó ti rẹ ẹni tó ń fọn ọ́n, ọkàn rẹ̀ kò sì sí níbẹ̀ mọ́. Àgbà tó mọ ìgbà tí ilé ń pè é kì í dúró kí wọ́n tó lé e.'"

"Fèrè já," bàbá ní. "Etí rẹ kò parọ́. Ta ló sọ fún ẹ pé ọkàn mi ò sí níbẹ̀?"

"Kò sẹ́ni tó sọ fún mi, sà."

"Ṣé o bi mí?"

"Mi ò bi yín."

Wọ́n ki ìka bọ ẹnu, wọ́n yọ eyín àtọwọ́dá méjì jáde, wọ́n gbé e lé tábìlì láàárín wa. "Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ọjọ́ yẹn ni eyín iwájú mi kán. Afọnfèrè idẹ tí kò ní eyín iwájú dà bí akọ̀wé tí kò ní àtàǹpàkò. Mi ò sọ fún ẹnì kankan àfi ìyàwó mi. Aṣọ gbígbóná ló fi ń jó ètè mi láràárọ̀ kí n lè dé ibi iṣẹ́. Eyín ti lọ, ẹnu ti wú. Ọkàn mi nìkan ló kù níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ohun kan ṣoṣo tí mo ní, òun lo ní kò sí."

Omijé ń bọ́ lójú mi. "Màá kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn, sà. Màá tọrọ àforíjì lójú gbogbo ayé."

"Rárá. Ìwé kíkọ kò ni ẹ́ lára." Wọ́n gbé fèrè sọ̀ kalẹ̀ láti orí kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n fi aṣọ nu eruku rẹ̀. "Wá máa fọn. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì, aago méjì. Má sì sọ fún ọmọ mi. Kì í ṣe ọ̀dọ̀ rẹ̀ lo wá."

Bí mo ṣe di ọmọ iléèwé nìyẹn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ohùn tó jáde dà bí ti ewúrẹ́ tí ilẹ̀kùn gbá mọ́. Aládùúgbò lu ògiri. Bàbá dá a lóhùn: "Ẹ fara dà á! Ìyà tó tọ́ sí i ló ń jẹ!" Wọ́n sì rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ẹ̀rín wọn nìyẹn. Ètè mi wú. Ìyá mi rò pé oyin ló ta mí.

Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, a ti ń sọ̀rọ̀. Wọ́n sọ bí ìyàwó wọn ṣe máa ń mọ ohun tí wọ́n jẹ látinú bí wọ́n ṣe ń fọn fèrè. Wọ́n sọ bí ọmọ wọn ṣe dúró lórí àga nígbà tó wà lọ́mọ ọdún márùn-ún, tó ń ju ọwọ́ sí bàbá rẹ̀ pé kó rọra.

Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, mo tún ba ohùn kan jẹ́, sùúrù tán nínú wọn.

"Kì í ṣe ẹnu ló ń fọn ọ́n, inú ni! Gbé e wá!" Wọ́n gba fèrè, wọ́n gbé e sẹ́nu láti fi hàn mí. Wọ́n wá dúró. Mo rí i pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé ó ti pé ọdún mẹ́sàn-án tí wọ́n ti fọn ọ́n gbẹ̀yìn.

Wọ́n pa ojú dé, wọ́n sì fọn ohùn kan ṣoṣo, ohùn ìsàlẹ̀. Ó kọ́kọ́ gbọ̀n bí ọmọ tó ń kọ́ ìrìn, lẹ́yìn náà ló dúró. Ó kún inú yàrá. Ife inú kọ́bọ́ọ̀dù ń bá a dún.

Ìgbà náà ni mo rí ọmọ wọn lẹ́nu ọ̀nà. Ìdánrawò ti parí kí àkókò tó pé. Ó di ìwé orin mọ́ àyà, kò sì mira. Bàbá rí i. Wọn ò dáwọ́ dúró. Wọ́n fọn ọ́n títí èémí fi tán.

"Mi ò mọ̀ pé ó ṣì wà níbẹ̀," wọ́n ní jẹ́jẹ́.

Ó wá jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá àga wọn, ó gbé orí lé orúnkún wọn. "Bàbá, ta ló ní kí ẹ fọn ọ́n?"

"Olódo yìí ni. Kò mọ̀ ọ́n fọn, ó wá ń bí mi nínú."

Ó gbójú sókè, ó wo ètè mi tó wú. Ẹ̀rín àti ẹkún gbà á lẹ́nu pọ̀.

Ó sìn mí dé orí àtẹ̀gùn. "Láti ìgbà wo?"

"Ọ̀sẹ̀ márùn-ún."

"Torí tèmi?"

"Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, torí tìrẹ ni. Nígbà tó yá, torí tiwọn ni."

"Inú ṣì ń bí mi sí ẹ."

"Mo mọ̀."

"Ó máa pẹ́ díẹ̀ kó tó tán."

"Kó máa pẹ́ lọ, ọkàn mi. Ṣáà jẹ́ kí n wà nítòsí."

Ó fi ìka kan ètè mi jẹ́jẹ́. "Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni àgbékalẹ̀ wa," ó ní. "Bá mi mú bàbá mi wá."

Bàbá wọ kóòtù dúdú. Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn, wọ́n dúró. "Ẹsẹ̀ mi kò gbọ́," wọ́n ní. Mi ò fà wọ́n. A dúró síbẹ̀ tí àwọn ènìyàn ń kọjá lára wa, títí agogo kejì tó ń pe èrò wọlé fi dún. Wọ́n wá di ìgúnpá mi mú, a sì wọlé.

Mo ti rí i níbi ìdánrawò ju ogójì ìgbà lọ, mo rò pé mo mọ̀ ọ́n. Mi ò mọ nǹkan kan. Ó gbé ọwọ́ sókè, ọgọ́rin ènìyàn mí pọ̀, ẹgbẹ̀rún kan ènìyàn tó wà lórí àga sì mí pẹ̀lú wọn. Níbi tí ariwo wà, kò ju ara kiri, àfi kó fẹ àyà rẹ̀ bí ẹni tó ṣílẹ̀kùn fún àlejò. Níbi tó rọlẹ̀, ó gbé ọ̀pá sọ́wọ́ òsì, ó sì ń fi ìka lásán bẹ̀ wọ́n. Bàbá àgbà onífèrè kò wo òrùlé mọ́, ìka yẹn ló tẹjú mọ́. Nígbà tó kan àwọn onífèrè idẹ, mo mọ nǹkan kan lára apá mi. Ìka mẹ́ta ọwọ́ ọ̀tún bàbá ń tẹ̀ ẹ́, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, wọ́n ń bá wọn fọn ọ́n. Mi ò mira.

Ohùn ìkẹyìn lọ. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lókè, kò sẹ́ni tó jẹ́ wúkọ́. Nígbà tó sọ ọ́ kalẹ̀, gbogbo ilé dìde.

Òógùn ti rin aṣọ rẹ̀ nígbà tí a bá a lẹ́yìn pèpéle. "Bàbá, báwo ni?"

"Fèrè idẹ kejì pẹ́ wọlé lẹ́ẹ̀kan."

"Mo gbọ́ ọ."

"Ìyókù..." Wọ́n mú ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, wọ́n gbé e lé ojú wọn. Ó pẹ́ kí wọ́n tó yíjú sí mi. "Ìwọ ńkọ́? Kí ni tìrẹ?"

"Mi ò ní nǹkan kan láti sọ, sà."

"Ó ti ń gbọ́n," wọ́n sọ fún ọmọ wọn. "Mú un dání, ká lọ jẹun."

Oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà la ṣègbéyàwó, ní ọ́fíìsì kékeré kan tó ní fèrèsé méjì. Ìyá mi ló rán aṣọ tó wọ̀. Bàbá rẹ̀ jókòó níwájú, àwọn olórin kún ẹ̀yìn títí dé ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Akọ̀wé ní kí n fi òrùka sí i lọ́wọ́. Ó na ọwọ́ náà sí mi. Ọwọ́ tí mo ti rí tó mú ọgọ́rin ènìyàn dákẹ́, ó ń gbọ̀n débi pé òrùka kò rí ìka wọ̀.

"Fara balẹ̀, ìfẹ́ mi," ni mo wí.

"Mi ò lè dá a dúró," ó ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Bá mi dì í mú."

Mo fi ọwọ́ mi méjèèjì dì í mú títí tó fi rọlẹ̀, mo sì fi òrùka sí i.